Ẹ̀tọ́ Tí Ọkàn Òṣìṣẹ́ Ní Nínú Islām

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́)

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó fi òru bo ẹ̀dá Rẹ̀ kí wọ́n lè sinmi, tí Ó sì la ojú ọ̀sán fún wọn kí wọ́n lè wá ìjẹ-ìmu. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kì í wọ́n lórí minbar. Àwọn oníwàásù a máa kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó má ṣe pẹ́ kí ó tó dé ibi iṣẹ́, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọjà ọ̀gá, kí ó má ṣe gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe. Òdodo ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí onígbàgbọ́ tí ó lè tako ó. Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni a kì í sábà gbọ́: kí ni ọ̀gá jẹ ọkàn ẹni tí ó gbà sí iṣẹ́? Ṣé owó oṣù nìkan ni gbèsè tí ó wà láàárín wọn, tàbí ìbàlẹ̀ ọkàn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú jẹ́ amānah tí Ọlọ́hun yóò bèèrè ní ọjọ́ ìṣírò? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú ìtàn àdéhùn iṣẹ́ kan tí gbogbo ọmọ iléekéú mọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà kọjá láìdúró.

Ìtàn náà wà nínú Sūratul-Qasas, láti ẹsẹ̀ 22 dé ẹsẹ̀ 28. Ànábì Musa sá kúrò ní ilẹ̀ Mísírà nítorí pé ènìyàn kan ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ìjòyè Fir‘aun sì ń gbìmọ̀ láti pa á. Ó dé ibi omi ìlú Madyan pẹ̀lú àárẹ̀, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, kò mọ ẹnì kankan. Ó rí obìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá wọn fún ẹran wọn lómi. Baba wọn ránṣẹ́ pè é. (Àwọn oníwàásù a máa sọ pé Ànábì Shu‘ayb ni baba náà. Àlùkùránì kò dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà baba arúgbó ará Madyan ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín.)

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀lé ara wọn. Kí baba yìí tó mẹ́nu ba iṣẹ́ rárá, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àlejò náà sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó fọkàn balẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn alábòsí. Ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó kọ́kọ́ tọ́jú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà dámọ̀ràn pé kí baba òun gbà á sí iṣẹ́, nítorí pé ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Baba náà wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà, òun yóò sì fi ọmọ òun fún un ní aya, bí ó bá sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá, ìyẹn di ọrẹ láti ọwọ́ rẹ̀. Ó tún fi gbólóhùn kan kún un tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì: pé òun kò gbèrò láti ni ín lára. Musa náà fèsì pé èyíkéyìí tí òun bá parí nínú àsìkò méjèèjì, kí a má ṣe ṣe àbòsí sí òun. Wọ́n sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ohun tí ó wà nínú àdéhùn yìí kì í ṣe kékeré. Àsìkò iṣẹ́ ní ìwọ̀n. Ohun tí ó bá lé ní ìwọ̀n náà, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè. Ọ̀gá ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun kò ní ni òṣìṣẹ́ lára. Kò dúró kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bi Ibn Abbas léèrè èyí tí Musa parí nínú àsìkò méjèèjì, ó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá, pé èyí tí ó gùn jù ni. Ẹni tí a kò ni lára ni ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ta ọ̀gá rẹ̀ lọ́rẹ ọdún méjì.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ti jìnnà tó sí àdéhùn yìí wo òṣìṣẹ́ kan ní Èkó lónìí. Ilé rẹ̀ wà ní Mọ́wé tàbí Ìkòròdú nítorí pé owó ilé àárín ìlú kọjá agbára rẹ̀; ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ó ti wà lójú pópó, ìrun Àsùbáà di ohun tí ó ń kí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ó máa ṣíwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dìde ní aago márùn-ún ni ọ̀gá ń fi ojú ọ̀lẹ wò. Nígbà tí ó bá fi máa dé ilé, àwọn ọmọ ti sùn. Fóònù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sinmi nínú ilé náà: iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e dé orí ẹní, ìpè ọ̀gá ń wọlé ní Sátidé, ó ń wọlé ní ọjọ́ Àlàádì. Ọdún méjì tí ó jẹ́ ọrẹ nínú àdéhùn Madyan ti di ohun tí à ń fi tipátipá gbà lójoojúmọ́, láìsí owó, láìsí ọpẹ́.

Iṣẹ́ báńkì ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan mú owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù sí ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. Báńkì 89 sì di 25. Ìdíje le láàárín àwọn tí ó kù, ẹrù rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. A fún wọn ní iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà wá lọ́wọ́ oníbàárà, iye tí bàbá ẹlòmíràn nínú wọn kò fojú rí rí láyé rẹ̀, a sì sọ fún wọn pé bí wọn kò bá rí i mú wá, kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ èlé tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ní ìjókòó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ó kan ìjókòó yìí ni pé a di ẹrù tí kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ ènìyàn lé e lórí: òun kọ́ ni ó ni owó, òun kọ́ ni yóò pinnu ibi tí olówó yóò kó o sí, òun sì ni a ó bú ní gbangba ìpàdé òwúrọ̀ bí owó náà kò bá dé. Sūratul-Baqarah, ẹsẹ̀ 286, jẹ́ kí ó yé ni pé Ọlọ́hun kì í di ohun tí ó ju agbára ẹ̀mí kan lọ lé e lórí. Èwo wá ni ti ẹ̀dá? Àwọn obìnrin nínú iṣẹ́ yìí ni ó ń rí èyí tí ó burú jù, nítorí pé àwọn olówó kan wà tí wọn kì í fi owó sílẹ̀ láìbéèrè ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò bọ́. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó jẹ òṣìṣẹ́ wọn ní owó oṣù púpọ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Hadīth tí Ibn Majah gbà wá lórí sísan owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ó ń fara pamọ́ fún onílé, tí ó ń fara pamọ́ fún ìyá oníràwọ́ tí ó ta gààrí àwìn fún un, tí ó sì tún gbọ́dọ̀ dúró níwájú ọmọ ogójì kí ó máa rẹ́rìn-ín, ibo ni ọkàn rẹ̀ yóò ti rí àlàáfíà?

Àwọn àgbà a máa wí pé iṣẹ́ kì í pani. Iṣẹ́ oko àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, níbi tí oòrùn bá kan àtàrí a ó lọ sábẹ́ igi, tí ilẹ̀ bá ṣú a ó gba ilé lọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jọ gbé àbájáde ìwádìí kan síta. Wọ́n ṣírò pé ní 2016 nìkan, ènìyàn bí 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Wọ́n ní ewu rọpárọsẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40. Àwọn ará Japan tilẹ̀ ní orúkọ fún ikú àṣejù iṣẹ́, karoshi ni wọ́n ń pè é, ìjọba wọn sì ṣe òfin láti dènà rẹ̀ ní 2014.

Kí ó tó di ikú, ọkàn ni ó ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe ipò kan tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ máa ń mú ènìyàn dé bí a kò bá tọ́jú rẹ̀: okun inú ènìyàn a tán, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára, kò sì ní lè ṣe é bí ó ti yẹ mọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé wọn kò pè é ní àìsàn tí ó ti inú òṣìṣẹ́ wá. Wọ́n ní láti ibi iṣẹ́ ni ó ti ń wá. Ará ilé a tètè rí i ju ẹni náà lọ. Oorun a dá lójú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàádì a máa bà á nínú jẹ́ nítorí ọjọ́ Àtìní. Ọmọ a da omi sílẹ̀, òun a sì pariwo bí ẹni pé ilé jó. Ó ń kírun, ṣùgbọ́n kò mọ iye rákà tí ó kí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ilé Mùsùlùmí ni ó ti ń dunni jù. Nígbà tí irú òṣìṣẹ́ báyìí bá sọ ohun tí ń ṣe é fún àwọn arákùnrin rẹ̀, ìdáhùn méjì ni ó sábà ń gbà. Àwọn kan á ní àlùjànnú ni, tàbí àwọn aráyé, kí ó lọ bá àáfà kan kí ó bá a wo ọ̀rọ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni hàǹtú àti tírà yóò ti wọlé, owó tí kò tó tẹ́lẹ̀ yóò sì tún bá a lọ. Ẹni tí ó bá mọ tawhīd mọ ibi tí èyí wà. Ìdáhùn kejì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ Sunna ni ó ń sọ ọ́: pé ìmáànì rẹ̀ ni ó rẹlẹ̀.

Ìmáànì ta ni ó rẹlẹ̀? Ti Ànábì Yaqub ni bí, ẹni tí Sūrat Yūsuf ròyìn pé ojú rẹ̀ funfun nítorí ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀? Tàbí ti Maryam, tí ìrora mú un wí pé ó sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi ìrònú àti ìbànújẹ́, kúrò níbi àìlágbára àti ọ̀lẹ, kúrò níbi gbèsè tí ó wọni lọ́rùn àti kí àwọn ènìyàn máa tẹni lórí ba. Anas ni ó gbà á wá, ó sì wà nínú Bukhari. Ẹ wo bí àdúrà náà ṣe kó wọn pọ̀: ohun tí ó wà nínú ọkàn àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ojú ẹni rí jọ wà lẹ́nu kan náà. A kì í sì í tọrọ ìṣọ́ kúrò níbi ohun tí kò lè ṣe onígbàgbọ́.

Àwọn onímọ̀ Islām àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abu Zayd al-Balkhi, ará ìlú Balkh ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí, tí ó kú ní 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn, Masālihul-Abdān wal-Anfus. Ó ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, àti èrò burúkú tí kì í fi ènìyàn lọ́rùn sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ kan wà tí ẹni tí ó ń ṣe mọ ìdí rẹ̀, òmíràn sì wà tí kò mọ ibi tí ó ti wá, tí ó lè jẹ́ pé láti inú ara ni. Ó kọ ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pe aláìsàn ní aláìnígbàgbọ́. Ní Cairo, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan ní 1284, owó waqf ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò bá gún.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìtàn tirẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ni ó ń mú kí àwọn ẹbí máa fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ní 1954, ní Aró, ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé gbọ́: aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ń gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ó ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ó sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko níwọ̀nba agbára rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ba ọpọlọ jẹ́ nígbà tí kò ní ìwọ̀n ni ó ń tún un ṣe nígbà tí ó ní ìwọ̀n.

Ó rọrùn láti jókòó kí a máa bú àwọn báńkì àti ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó jẹ́ ọ̀gá: ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé ìtẹ̀wé, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Hadīth tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Dharr ni ìdájọ́ wọn: pé ọmọ ìyá ni àwọn tí ó wà lábẹ́ ẹni, kí a má ṣe di ohun tí yóò borí wọn lé wọn lọ́wọ́, bí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí a bá wọn ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni ìdí tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi sọ ọ́. Kì í ṣe pé Abu Dharr na ènìyàn, kì í sì ṣe pé ó fi owó dù ú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: ó bú ọkùnrin kan, ó fi ìyá rẹ̀ bú u. Ègún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òfin ńlá yìí tìtorí rẹ̀ wá. Anas sìn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ọdún mẹ́wàá, ó sì jẹ́rìí pé kò ṣíọ̀ òun lẹ́ẹ̀kan rí. Ọmọ iṣẹ́ mélòó ní àárín ìlú yìí ni ó lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá?

Ti ustādh iléekéú ló wá burú jù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ó ń kọ́ àwọn ìyá asalátù ní Sátidé àti Àlàádì, òun náà ni wọ́n ń rán lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Owó tí ìgbìmọ̀ ń fún un lóṣù kò tó ohun tí ọ̀kan nínú wọn fi ń ra epo sínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní fī sabīlillāh ni iṣẹ́ náà, èrè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Hadīth qudsī tí Bukhari gbà wá náà wà níbẹ̀, pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò jẹ́ alátakò ẹni tí ó gba alágbàṣe, tí ó gba iṣẹ́ rẹ̀ pé, tí kò sì san owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ sí òdodo, ìwé owó ustādh ni kí ó kọ́kọ́ ṣí.

Òfin ìlú pàápàá kò fi ẹnu ọ̀nà yìí sílẹ̀ láìṣọ́. Òfin Iṣẹ́ tí ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan láàárín rẹ̀, kí ó ní odidi ọjọ́ kan láti fi sinmi nínú ọjọ́ méje, kí ó sì ní ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó. Wákàtí kan yẹn tó fún oúnjẹ, ó tó fún ìrun Ayílà.

Ó kù sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ọ̀gá fà; àdúrà tí a dárúkọ lókè náà kò yọ ọ̀lẹ sílẹ̀. Ẹni tí ó fi òru wo bọ́ọ̀lù dé aago kan, tí ó yá owó nítorí aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kí ó má ṣe di ẹ̀bi ìrònú rẹ̀ ru ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onítara náà wà láàárín àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ títí di òru, tí wọ́n sì rò pé Ọlọ́hun ni àwọn ń sìn bẹ́ẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wọ mọ́sálásí lọ́jọ́ kan, ó rí okùn tí wọ́n so sáàárín òpó méjì. Wọ́n ní ti Zaynab ni, tí ó máa ń dì í mú bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun. Ó ní kí wọ́n tú u; kí oníkálukú kírun nígbà tí ara rẹ̀ bá yá gágá, bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó jókòó. Bí a bá tú okùn ìrun, ta ni ó gbọdọ̀ so okùn ìpàdé?

Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó lọ rí dókítà, bí ẹni tí ibà ń ṣe ṣe ń lọ. Ilé ìwòsàn Aró wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin ayé àwọn òyìnbó tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916. Òfin tuntun náà lòdì sí kí a máa fi ẹ̀tọ́ du ènìyàn nítorí irú àìsàn yìí. Bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá sì sọ pé ayé sú òun, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ má ṣe fi wáàsí dá a lóhùn, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí ó bá a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Abu Dawud gba ìtàn kan wá, tí àwọn onímọ̀ hadīth kan sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lágbára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà tí ó wà nínú rẹ̀ fìdí múlẹ̀ nínú Bukhari gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣáájú. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wọ mọ́sálásí ní àsìkò tí kì í ṣe ti ìrun, ó bá Abu Umamah níbẹ̀ tí ó jókòó. Kò kọjá lára rẹ̀. Ó bi í pé kí ni ó mú un jókòó síbẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ní ìrònú àti gbèsè ni. Ìgbà náà ni ó tó kọ́ ọ ní àdúrà. Àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí àwọn mọ́sálásí ìlú yìí ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àtàlátà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ìmáàmù tí ó bá rí wọn bi wọ́n.